Kékeré Tí Ó Ń Ṣe Bí Ńlá: Yíya Fọ́tò Ohun Ìṣeré ní Ìta Gbangba

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí a sọ níwájú àwọn ayàwòrán àti àwọn ọ̀dọ́ ní Kútọ̀, Abẹ́òkúta

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó níwájú, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọ̀gá mi nídìí iṣẹ́ fọ́tò, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ gbé kámẹ́rà kọ́rùn, àti ẹ̀yin tí ó jẹ́ pé fóònù ọwọ́ yín ni kámẹ́rà yín, mo kí gbogbo yín, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọmọ Lísàbí, ẹ kú ilé. Ẹ̀yin tí ẹ ti Ìjẹ̀bú, Ìbàdàn àti Èkó wá bá wa, ẹ kú ìrìn. A kò ní rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí ènìyàn ṣe lè gbé ọkọ̀ ìṣeré tí kò kún àtẹ́lẹwọ́ kalẹ̀ ní ìta, kí ó ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹni tí ó bá rí fọ́tò náà sì máa bèèrè iye tí wọ́n ra mọ́tò ọ̀hún. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń rẹ́rìn-ín sínú pé eré ọmọdé ni. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Àwọn onísinimá àti àwọn onípolówó ọjà ti ń fi iṣẹ́ yìí jẹun tipẹ́ kí kọ̀ǹpútà tó dé, wọ́n sì ń fi í jẹun títí di òní.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá, gbogbo ohun yòókù tí n ó sọ, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wà: ojú ènìyàn kì í wọn nǹkan, ńṣe ni ó ń fi nǹkan wé nǹkan. Ta ni nínú yín tí ó gbé ìwọ̀n lọ sí ìdí Òkúta Olúmọ kí ó tó mọ̀ pé ó ga? Ojú rí ènìyàn tí ó ń gun àtẹ̀gùn, ó rí òrùlé páànù tí ó wà nísàlẹ̀, ó fi wọ́n wé òkúta, ó sì dá ẹjọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kí ohun kékeré dà bí ńlá kò ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe lára ohun náà fúnra rẹ̀. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni iṣẹ́ wà lára wọn: ilẹ̀ tí ó dúró lé, òjìji tí ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ilé tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹyọ kan nínú wọn bá tú àṣírí, àṣírí ti tú nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Adágún omi kan wà ní ilẹ̀ Scotland tí wọ́n ń pè ní Loch Ness. Ní oṣù kẹrin ọdún 1934, ìwé ìròyìn Daily Mail gbé fọ́tò kan jáde tí ó fi ọrùn gígùn àti orí kékeré ẹranko kan hàn, tí ó yọ láti inú omi adágún náà. Dókítà kan ni wọ́n ní ó yà á. Ta ni yóò pe dókítà ní òpùrọ́? Ó tó ọgọ́ta ọdún, ní 1994, kí ayé tó gbọ́ òkodoro ọ̀rọ̀: ọkọ̀ abẹ́ omi tí ọmọdé fi ń ṣeré ni wọ́n gbé orí àti ọrùn àtọwọ́dá lé, tí wọ́n sì jẹ́ kí ó léfòó. Ibi tí ìtàn yìí ti kan àwa ayàwòrán nìyí. Gígé ni wọ́n gé fọ́tò tí gbogbo ayé rí. Nínú odindi rẹ̀, omi gbilẹ̀ yí ohun náà ká, etí bèbè ẹ̀yìn-ọ̀hún sì hàn lókè, ẹranko abàmì náà kò sì ju bíńtín lọ láàárín wọn. Nígbà tí wọ́n gé gbogbo aládùúgbò wọ̀nyí dànù, tí ó ku ọrùn àti omi díẹ̀, ojú kò rí ohun tí yóò fi wé mọ́, ó bá gba ohun tí ẹnu sọ fún un. Síbẹ̀, aládùúgbò kan ṣẹ́ kù, ìyẹn ìgbì omi. Àwọn tí ó mọ omi dáadáa wò ó, wọ́n ní ìgbì wọ̀nyí tóbi jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn náà. Bí ó bá jẹ́ ẹranko ńlá ni, a jẹ́ pé òkè ni àwọn ìgbì náà.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan há ibí yìí. Bí ẹ bá fi ọkọ̀ ìṣeré ya àwòrán ìjàǹbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé ọ̀nà Ṣágámù ni ó ti ṣẹlẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà lójú ọ̀nà lè dákú. Eré ni a ń ṣe, kí ẹni tí ń wò ó náà mọ̀ pé eré ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a bọ́ sórí ohun àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ gan-an, ìyẹn gíga kámẹ́rà. Bí ẹ bá yí ìdí ọkọ̀ ìṣeré tí ó dára sókè, ẹ ó rí nọ́ńbà kan níbẹ̀: 1/18, 1/24, 1/43 tàbí 1/64. Ohun tí ó ń sọ ni iye ìgbà tí a dín ọkọ̀ gidi kù. Mọ́tò gidi tí ó gùn ní mítà 4.5 yóò di sẹ̀ǹtímítà 25 ní 1/18, yóò lé díẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 ní 1/43, yóò sì di sẹ̀ǹtímítà 7 péré ní 1/64. Kí ni èyí kan kámẹ́rà? Ojú ènìyàn tí ó dúró wà ní nǹkan bí mítà 1.6 sí ilẹ̀. Ẹ pín ìyẹn sí méjìdínlógún, ó di sẹ̀ǹtímítà 9. Ẹ pín in sí mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ó di sẹ̀ǹtímítà méjì àbọ̀. Ibẹ̀ ni ó yẹ kí ojú lẹ́ńsì yín wà! Ẹni tí ó bá dúró, tí ó kàn tẹ kámẹ́rà sísàlẹ̀, ojú ẹni tí ó wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì gíga ni ó fi ń wo ọkọ̀ náà, gbogbo ayé ni yóò sì mọ̀ pé ohun ìṣeré ni. Ní ilẹ̀ tí ó tẹ́jú, ibi tí ilẹ̀ àti ojú ọ̀run ti pàdé máa ń bọ́ sí gíga ojú ẹni tí ń wò. Bí lẹ́ńsì bá wà ní gíga wíńdò ọkọ̀, ìlà náà yóò gba ara wíńdò kọjá, gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí i lójú títì lójoojúmọ́.

Àwọn àgbà ní, ohun tí àgbà rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Nínú iṣẹ́ tiwa yìí, ìjókòó pàápàá kò tíì tó. Àtọmọdé àtàgbà, ìdọ̀bálẹ̀ ni. Ẹ mú ẹní dání. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo fóònù, ẹ yí i sódì kí orí rẹ̀ kọ ilẹ̀, nítorí pé òkè ẹ̀yìn fóònù ni lẹ́ńsì máa ń wà. Bí ẹ bá ti yí i, lẹ́ńsì yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ẹ ó sì dá àwòrán náà padà sí bí ó ti yẹ tí ẹ bá délé. Ojú kì í ti ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ènìyàn yóò sọ̀rọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ báyìí nítòsí Ìtókò lọ́jọ́ kan, ìyá àgbà kan tí ó ń kiri ẹ̀kọ sáré wá bá mi.

"Ọmọ mi, ṣé kò sí o? Ṣé o ṣubú ni?"

"Rárá o, Ìyá. Fọ́tò ni mo ń yà."

"Fọ́tò èèrà?"

Mo fi mọ́tò náà hàn wọ́n. Wọ́n wo mọ́tò, wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ní, "Olúwa yóò fún ọ ní gidi." Mo ṣe àmín. Nígbà tí mo wá gbé ojú kámẹ́rà fún wọn kí wọ́n rí ohun tí mo ti yà, ohun tí wọ́n bi mí ni pé, ta ni ó ni mọ́tò aláwọ̀ búlúù yẹn.

Ohun kejì ni jíjìnnà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kùnà láìmọ ìdí rẹ̀. Ọkọ̀ ìṣeré 1/24 tí ó wà ní ìdajì mítà sí lẹ́ńsì yóò gba àyè kan náà nínú àwòrán pẹ̀lú ọkọ̀ gidi tí ó wà ní mítà 12. Ẹ fi ìdajì ṣe ìlọ́po mẹ́rìnlélógún, mítà 12 náà nìyẹn. Bí ilé tí ẹ fẹ́ kí ó hàn lẹ́yìn ọkọ̀ bá wà ní mítà márùn-ún péré, ilẹ̀kùn ilé náà yóò ga bí ẹnubodè ààfin lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, ojú yóò sì kọ̀ ọ́. Ilé náà gbọ́dọ̀ jìnnà ju mítà 12 lọ. Ní ti 1/64, ìdajì mítà yẹn di mítà 32, nítorí náà ẹ túbọ̀ jìnnà sí ilé. Kí ni a ó wá ṣe sí ilẹ̀ tí ó wà láàárín? A kì í jẹ́ kí ó hàn. Ẹ gbé pákó pẹrẹsẹ kan lé orí tábìlì tàbí ògiri kúkúrú, ẹ da erùpẹ̀ sí i kí ó di ojú ọ̀nà, ẹ gbé ọkọ̀ lé e, kí ẹ sì rẹ kámẹ́rà sílẹ̀ títí etí pákó náà yóò fi bá ìdí àwọn ilé ọ̀ọ́kán pàdé. Gbogbo ohun tí ó wà láàárín yóò fara sin sábẹ́ pákó.

Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Michael Paul Smith, tí ó jáde láyé ní 2018. Ó dá odindi ìlú kan sílẹ̀ báyìí tí ó pè ní Elgin Park, ìlú tí kò sí níbì kankan àfi nínú fọ́tò. Ọkọ̀ 1/24 ni ó ń lò, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ àwọn ilé wọn, ó ń gbé tábìlì lọ sí ẹ̀gbẹ́ títì, ó sì ń jẹ́ kí igi gidi, ilé gidi àti ojú ọ̀run gidi dúró lẹ́yìn wọn. Kámẹ́rà kékeré tí kò wọ́nwó ni ó fi ń yà wọ́n. Mo ń sọ èyí fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ rò pé owó ni ó ń dí yín lọ́wọ́.

Níbi tí mo dé yìí, ẹ jẹ́ kí n dúró pẹ́ díẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti òkúta ni ó kàn, ibẹ̀ sì ni Ọlọ́run ti ṣojúure sí àwa ará Abẹ́òkúta. Bí ẹ bá wo fọ́tò tí àwọn onímọ̀ nípa òkúta ń yà, ẹ ó rí i pé wọn kì í ya òkúta lásán. Wọn yóò gbé òòlù tàbí owó ẹyọ kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ló dé? Nítorí pé òkúta kì í sọ bí òun ti tóbi tó. Ẹ̀là tí ó wà lára òkè ńlá, irú rẹ̀ náà ni ó wà lára òkúta tí kò ju orúnkún lọ. Bí ẹnìkan kò bá fi ohun tí a mọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ojú kò ní ìdáhùn. Ohun tí ó jẹ́ ìṣòro fún àwọn onímọ̀ wọ̀nyẹn ni ó jẹ́ oúnjẹ fún wa. Ẹ tẹjú mọ́ èyíkéyìí nínú àwọn òkúta tí ó yọrí láàárín ilé ní Ìkìjà tàbí ní Ìtókò. Ẹ ó rí ìlà dúdú gbọ̀ọ̀rọ̀ níbi tí omi òjò ti ń ṣàn lára rẹ̀ láti ọdún gbọ́nhan, ẹ ó rí àbàwọ́n eérú àti àbàwọ́n olómi ewé tí ó lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ ó rí koríko wẹ́wẹ́ kan tí ó rọ́nà hù nínú ẹ̀là. Ẹ gbé ọkọ̀ 1/64 sí ìdí rẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀. Olúmọ mìíràn ni ó dìde lẹ́yìn rẹ̀ yẹn! Ọkọ̀ náà ni ó di owó ẹyọ tí ojú fi ń wọn òkúta, ojú kò sì mọ̀ pé irọ́ ni owó ẹyọ náà ń pa.

Ṣùgbọ́n ojú òkúta tí ó ti gbó ni kí ẹ lò. Òkúta tí àwọn afọ́kúta ṣẹ̀ṣẹ̀ là kò dára, nítorí pé àwọn hóró tí ń dán nínú rẹ̀ yóò hàn. Hóró tí ó fẹ̀ ní ìdajì sẹ̀ǹtímítà yóò dà bí ohun tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 32 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ 1/64, ta ni ó sì ti rí irú òkè bẹ́ẹ̀ rí? Ọ̀ràn erùpẹ̀ náà nìyẹn. Hóró yanrìn tí ó jẹ́ mìlímítà kan, tí a kì í kà sí, òkúta wẹ́wẹ́ ni lábẹ́ táyà ọkọ̀ 1/24. Lábẹ́ 1/64, òkúta tí ènìyàn lè kọsẹ̀ lára rẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹ fi asẹ́ ku erùpẹ̀ pupa yín bí ìgbà tí a ń ku èlùbọ́, kí ó kúnná dáadáa. Ẹ ra asẹ́ tiyín o. Ẹ má gbé ti ìyàwó yín, ẹ má sì gbé ti ìyá yín. Èmi kò sí níbẹ̀ tí ìjà bá dé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka tẹ ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀ díẹ̀, nítorí pé mọ́tò gidi wúwo, táyà rẹ̀ máa ń rì. Ẹ tì í síwájú kí ipa táyà hàn lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ bu erùpẹ̀ kan náà sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti ìdí rẹ̀. Mọ́tò wo ni ó ti Lafẹ́ńwá dé Ìbẹ̀rẹ̀kòdó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó ń dán bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú páálí?

Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ kò ní pẹ́. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ìta gbangba ni oòrùn. Iná tí ó wà nítòsí nínú ilé máa ń jẹ́ kí òjìji àwọn nǹkan yà kúrò lọ́dọ̀ ara wọn, ojú a sì mọ̀ pé iná wà nítòsí. Oòrùn jìnnà débi pé gbogbo òjìji a máa kọ ojú sí ọ̀nà kan náà, ti ọkọ̀ ìṣeré àti ti ilé gidi tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà lẹ àwòrán pọ̀ fi ń ṣe wàhálà fún wákàtí gbọọrọ, oòrùn ń ṣe é fún yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ sá fún ọ̀sán gangan, nítorí pé níbi tí ìlú wa wà lórí ilẹ̀ ayé, oòrùn ọ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń dúró sí àtàrí, òjìji a sì ká jọ sábẹ́ ọkọ̀. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ dára. Ní ti ìgbà ọyẹ́, èmi fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ìgbà lọ: eruku inú afẹ́fẹ́ máa ń pa àwọn ilé ọ̀ọ́kán láró díẹ̀, ojú a sì gbà pé ibẹ̀ jìnnà.

Ẹ wá gbọ́ ti ohun tí ó ń tú àṣírí jù lọ, ìyẹn kí iwájú ọkọ̀ hàn kedere kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣú bàìbàì. Lẹ́ńsì tí ó bá sún mọ́ nǹkan gan-an kì í lè mú ohun gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, ojú wa sì ti mọ ìwà yìí mọ́ ohun kékeré. Ó dá ojú lójú débi pé àwọn kan ń ṣe òdìkejì rẹ̀: wọ́n á ya ìlú gidi láti òkè, wọ́n á sọ apá òkè àti ìsàlẹ̀ fọ́tò di bàìbàì, ìlú gidi á sì di ohun ìṣeré lójú ẹni tí ń wò ó. Ẹ̀yin oníkámẹ́rà ńlá, ẹ dín ihò lẹ́ńsì kù sí f/16, kódà f/22. Ìmọ́lẹ̀ yóò dín kù, kámẹ́rà yóò sì pẹ́ díẹ̀ kí ó tó pa ojú dé, nítorí náà ẹ gbé e lé ohun tí kò ní mì. Ẹ̀yin onífóònù ni ó rọ̀ lọ́rùn níhìn-ín, nítorí pé ohun tí ó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú fóònù kéré púpọ̀, ó sì máa ń mú iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀. Kí ẹ ṣáà má tan Portrait. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ ẹ̀yìn di bàìbàì, ohun tí a ń sá fún gan-an ni.

Àwọn kan yóò bèèrè ọ̀rọ̀ ènìyàn: ṣé a lè fi ọmọlangidi sí i? A lè fi sí i, ṣùgbọ́n ó le. Kò sí ohun tí ojú mọ̀ tó ojú ènìyàn. Justus Akeredolu, ọmọ Ọ̀wọ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀gún igi gbẹ́ ènìyàn ní àwọn ọdún 1930: obìnrin tí ń gúnyán, ọkùnrin tí ń gun ọ̀pẹ, tí gbogbo wọn kò ju ìka ọwọ́ lọ. Iṣẹ́ àrà ni, síbẹ̀ bí ẹ bá ya ọ̀kan nínú wọn láti iwájú, ère ni yóò jẹ́. Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ọmọlangidi kọ ẹ̀yìn sí wa, kí ó máa lọ, kí ìdajì rẹ̀ sì fara sin lẹ́yìn mọ́tò.

Ó ku omi àti ohun tí ń rìn. Omi kì í gbà kí a dín òun kù. Ẹ̀kán omi tí ó fẹ̀ ní mìlímítà mẹ́rin lórí ọkọ̀ 1/24 yóò dà bí ohun tí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgbì etí Odò Ògùn yóò ṣe sí ọkọ̀ ojú omi yín bí ìgbì adágún ọjọ́sí ṣe ṣe sí ẹranko abàmì. Bí ẹ bá fẹ́ ojú ọ̀nà lẹ́yìn òjò, ẹ fi omi rin ilẹ̀ kí ó ṣókùnkùn. Ẹ má dá adágún sílẹ̀. Ní ti fídíò, ọkọ̀ ìṣeré 1/16 tí ẹ bá jù láti òkè tí ó ga ní mítà kan yóò balẹ̀ kí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá tó pé. Ọkọ̀ gidi tí ó jábọ́ láti mítà 16 yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ìṣẹ́jú àáyá méjì, ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí àwọn onísinimá fi ń ya irú rẹ̀ ní àwòrán 96 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí wọ́n á sì fi hàn wá ní 24. Ọ̀pọ̀ fóònù òde òní lè ya 120, nítorí náà ẹ ti ní i nínú àpò.

Mo ti gbé pákó méjì àti erùpẹ̀ tí mo ti kù sí ìta, ọkọ̀ 1/24 mẹ́ta sì wà nínú báàgì mi. Oòrùn ti ń yẹ̀ kúrò ní àtàrí, àwọn òrùlé ọ̀ọ́kán sì hàn dáadáa láti orí ògiri kúkúrú tí ó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn yìí. Ẹni tí ó bá ní ìbéèrè, kí ó bi mí níbẹ̀, kí ó sì mú ẹní rẹ̀ dání. Ẹ ṣeun.